Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀, Kí Ló sì Ń Tì Í Jáde? Àlàyé Lórí Ẹ̀rọ Ìpaná Àtijọ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, iná sọ nínú Iroquois Theatre, gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé kan nílùú Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gbọ̀ngàn náà kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí i, wọ́n sì ti polówó rẹ̀ káàkiri pé iná kò lè jó o. Àwọn tó wá wòran lọ́jọ́ náà lé ní 2,000. Àsìkò ìsinmi Kérésì ni, torí náà ìyá àti ọmọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti ara iná mànàmáná ńlá kan tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìtàgé ni iná ti ràn mọ́ aṣọ tí wọ́n ta sókè.

Ẹni tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ iná nínú ilé eré náà kò jìnnà. Ó sáré mú ohun tí wọ́n kó fún un: agolo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí wọ́n ń pè ní Kilfyre. Ìyẹ̀fun funfun tó ju kílò kan lọ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fún àwọn tó ń lò ó ni pé kí wọ́n fi gbogbo agbára da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lu ìdí iná. Òkè orí ọkùnrin náà ni iná ti ń jó. Ó da ìyẹ̀fun náà sókè, ìyẹ̀fun náà sì rọ̀ padà wálẹ̀ sórí pákó ìtàgé bí àtíkè. Irú agolo bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo ohun ìpaná tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó lórí ìtàgé náà. Àwọn tó kú kò dín ní 602.

Ẹ má rò pé ayédèrú ni ìyẹ̀fun yẹn o. Sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ooru iná bá kàn án, á tú gáàsì sílẹ̀, á sì ká iná lọ́wọ́ kò. Títí dòní, sódà yìí kan náà ṣì wà nínú àwọn ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun kan. Ohun tí Kilfyre ò ní ni agbára tó máa gbé ìyẹ̀fun náà dé ọ̀dọ̀ iná, torí apá ènìyàn nìkan ló gbára lé. Ní 1928, ilé iṣẹ́ DuGas ní Amẹ́ríkà kó sódà sínú agolo, wọ́n fi ìgò irin kékeré tí gáàsì há sínú rẹ̀ kún un, kí gáàsì máa fẹ́ ìyẹ̀fun náà jáde. Ìyẹ̀fun tó rọ̀ sílẹ̀ lásán ní Chicago wá di ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ìtàn yìí ṣáájú ni pé bí ẹ bá fẹ́ lóye ẹ̀rọ ìpaná èyíkéyìí, ìbéèrè tó tú u palẹ̀ ni pé: kí ló wà nínú rẹ̀, kí ló sì ń tì í jáde? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó pupa tàbí bàbà ni, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń paná, kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà gan-an. Òmíràn nínú wọn máa ń pa iná, á tún pa ẹni tó ń lò ó.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú kò tíì rí ìdáhùn tó rọrùn sí ìbéèrè kejì. Ní 1723, Ambrose Godfrey, onímọ̀ kẹ́míkà kan nílùú London, gba ẹ̀tọ́ lórí àgbá kan tí omi ìpaná wà nínú rẹ̀. Ní àárín omi náà ló fi kóló kékeré kan tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ sí. Wọ́n á fi iná sí òwú rẹ̀, wọ́n á sá sẹ́yìn, ẹ̀tù á bú gbàù, omi á sì tú ká gbogbo yàrá. Omi ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀tù ìbọn ló ń tì í jáde. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ta ni yóò gbé irú rẹ̀ sí ilé ìdáná?

Ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e kò tíì pé tí ọ̀gágun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George William Manby, fi ṣe ọ̀kan tí ènìyàn lè gbé rìn. Bàbà ló fi ṣe é, ó gba omi bíi líta 13, ó sì fi pọ́ǹpù fún afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há á ti omi jáde. Kì í sì í ṣe omi lásán. Manby po ohun kan mọ́ ọn tí wọ́n ń sẹ́ láti ara eérú igi. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń sẹ́ omi eérú fún ọṣẹ dúdú ti mọ ìbátan rẹ̀. Manby yìí kan náà ló ṣe ìbọn tí wọ́n fi ń yin okùn sí ọkọ̀ ojú omi tó ń rì, kí wọ́n lè fa àwọn tó wà nínú rẹ̀ wá sí èbúté. Èmi gbà pé kò sí ẹni tó yẹ ká máa rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí tó o, torí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti omi jáde nínú ti rẹ̀ náà ló ṣe ń tì í jáde nínú àwọn ẹ̀rọ olómi tó wà lára ògiri lónìí.

Síbẹ̀, lásìkò tirẹ̀ àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, garawa ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù gbára lé. Ní àwọn ilé iṣẹ́ àti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á so garawa omi tàbí ti yanrìn kọ́ ògiri. Púpọ̀ nínú wọn ni ìdí rẹ̀ rí roboto tàbí ṣóńṣó, kò lè jókòó nílẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Garawa tí kò lè jókòó, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ fọ ilẹ̀, tí wọ́n á fi wá a tì lọ́jọ́ tí iná bá sọ.

Láàárín 1870 sí 1890 ni ìgò ìpaná gbòde. Gíláàsì ni, ó rí roboto bí ọsàn ńlá tó ní ọrùn, ó ní àwọ̀ búlúù, àwọ̀ oyin tàbí àwọ̀ ewéko. Ó rẹwà débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé lọ́fínńdà ni. Mo ti di ọ̀kan mú rí ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́: búlúù ni, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, wọ́n fi èdídí dí ọrùn rẹ̀ pa, omi inú rẹ̀ sì ń mì jẹ́jẹ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Orúkọ Harden àti Hayward ló gbajúmọ̀ jù lórí wọn. Wọ́n máa ń tò wọ́n sínú agbọ̀n wáyà ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ilé, ní ọ̀nà àárín yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ní ilé ẹ̀kọ́. Bí iná bá sọ, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á là á mọ́ ìdí iná kó fọ́.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Omi iyọ̀ ni, tí kì í tó líta kan nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó ń tà á máa ń pè é ní oògùn àràmàǹdà. Ohun gidi tí iyọ̀ ń ṣe níbẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí omi náà tètè di yìnyín nígbà òtútù. Omi inú garawa á ti dì gbagidi ní oṣù Kìíní ní ìlú wọn, ìgò yìí á ṣì wà ní ìmúrasílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ẹ wo ibi tó kù sí: kí ìgò tó fọ́, ó gbọ́dọ̀ ba ohun líle. Bí ó bá jẹ́ ibùsùn ló ń jó, tàbí aṣọ ojú fèrèsé, ìgò á bọ́ sórí tìmùtìmù, á jókòó síbẹ̀. Bó bá sì fọ́ náà, omi tí kò tó líta kan ni. Garawa kan tó kún ju ìgò mẹ́wàá lọ fún iná tó ti ń gba yàrá. Ohun tí ìgò náà fi dára ni pé ó wà nítòsí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, nígbà tí iná ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, àti pé arúgbó pàápàá lè jù ú.

Èyí tó wá gba ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ọ́fíìsì fún ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ sódà àti ásíìdì. François Carlier ló mú irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Faransé ní 1866. Ní 1881, Almon Granger gba ẹ̀tọ́ lórí ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú, torí náà ẹ jẹ́ ká tú u wò dáadáa.

Ara rẹ̀ jẹ́ bàbà tàbí idẹ tí wọ́n kàn pọ̀, ó ga ju orókún lọ díẹ̀. Omi bíi líta 9.5 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti po sódà bíi gírámù 680 mọ́ ọn. Lókè, lábẹ́ ìdérí, agbọ̀n kékeré kan gbé ìgò gíláàsì kan dúró. Ásíìdì ló wà nínú ìgò yìí, irú ti inú bátìrì ọkọ̀, tó bí ìdajì ife. Òjé ni wọ́n fi bo ẹnu ìgò náà. Wọn kò dè é mọ́ ọn, ńṣe ni wọ́n kàn gbé e lé e.

Bí iná bá sọ, ẹni tó fẹ́ lò ó á gbé e kúrò lára ìkọ́. Á gbé e lọ ní ìdúró, kò ní jẹ́ kó dojú bolẹ̀ lọ́nà. Bó bá dé ẹ̀gbẹ́ iná, á fi ọwọ́ kan di ẹnu rọ́bà mú, á wá dorí ẹ̀rọ kodò. Òjé á yọ kúrò, ásíìdì á dà sínú omi sódà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde, irú èyí tó ń ta nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò ní ríbi gbà, á wá máa ti omi gba ẹnu rọ́bà. Omi náà á máa tú lọ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 40 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ó tán. Kò ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ lè fi tì í bí iná bá ti kú kí omi tó tán. Ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò nítorí iná inú apẹ̀rẹ̀ ìwé ti da gbogbo líta 9.5 sórí tábìlì ọ̀gá nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ Minimax ní Jámánì, tí Wilhelm Graaff dá sílẹ̀ ní 1902, ṣe tirẹ̀ ní ṣóńṣó. Níbi tiwọn, gbígbá ni wọ́n ń gbá kókó kan mọ́lẹ̀ kí ìgò ásíìdì inú rẹ̀ fọ́. Ìyókù, ọ̀kan náà ni.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé gáàsì yẹn ló ń pa iná, àwọn mìíràn ní ásíìdì ni. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Omi ló ń pa iná. Gáàsì jẹ́ alábàárù lásán, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé omi dé ibi tó ń lọ. Ásíìdì àti sódà ti jẹ ara wọn tán kí omi tó jáde, bí wọ́n bá wọ̀n wọ́n dáadáa. Bí ẹni tó ń bù ú bá fi ásíìdì ṣe àṣejù, omi tó jáde á jẹ aṣọ, á sì ta ojú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa dà á nù lọ́dọọdún, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n tuntun.

Ewu tó burú jù nínú rẹ̀ kò hàn síta. Ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀ nígbà gbogbo, bí ara rẹ̀ bá ti ń jò, ẹ máa mọ̀ ṣáájú. Eléyìí, kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ fún ogún ọdún tó fi wà lára ògiri. Bàbà rẹ̀ lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láti inú, kí ìta rẹ̀ máa dán bíi wúrà torí wọ́n ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò ni agbára á kọ́kọ́ dé inú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gbé e ló sì máa bẹ́ sí. Wọ́n jáwọ́ nínú ṣíṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1969. OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ níbẹ̀, pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀rọ irú yẹn tí wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò gbọ́dọ̀ ti kúrò ní ibi iṣẹ́ nígbà tí ọdún 1982 bá fi máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní iná kì í wọ odò kó rójú ṣayé. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ igi, aṣọ tàbí ìwé ló ń jó. Iná epo ń wọ odò, á léfòó, á sì máa jó lọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ibi tí tánkà epo dà sí gọ́tà mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bẹntiróòlù àti iná mànàmáná wá wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀rọ olómi tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ di ohun tó lè dá kún ewu: omi á tan epo ká, omi á sì gbé iná mànàmáná padà wá bá ọwọ́ ẹni tó di rọ́bà mú. Ìbéèrè kan wá kún ti tẹ́lẹ̀: kí ló ń jó?

Ọ̀nà àbáyọ tó mọ́gbọ́n dání wá fún epo láti ìlú Baku, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà náà. Olùkọ́ ni Aleksandr Loran, ó sì ti rí i bí omi kì í ṣe ń ka iná epo. Ní 1904 ó fi omi sódà pàdé ìbátan álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi kànga tòrò, ó sì fi oje gbòǹgbò licorice sí i. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á hó bí ọṣẹ, ìhó náà á nà lórí epo bí ẹní, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bá epo pàdé mọ́. Ẹ̀rọ tó ń tú ìhó yìí náà, dídorí kodò ni wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò.

Fún iná mànàmáná àti mọ́tò, ìdáhùn tó gbayì jù ni Pyrene, ní nǹkan bí 1911. Ẹ̀rọ kékeré tó rẹwà ni, idẹ, ó gba omi oògùn tí kò tó líta kan, ó sì ní ọwọ́ tí ẹ máa fà, tí ẹ máa tì, bíi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́. Òun lẹ lè dá dúró nígbà tó bá wù yín. Kì í dì nígbà òtútù, kì í gbé iná mànàmáná, kì í ba ohun èlò jẹ́. Wọ́n fi í sínú mọ́tò, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ òfurufú, gáréèjì àti ilé ìdáná. Mo lóye ìdí tí gbogbo ayé fi gbà á.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni carbon tetrachloride. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á bo iná mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá fà á símú, tàbí tó kàn án lára léraléra, á ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Èyí nìkan ti burú. Àmọ́ bó bá dé orí irin gbígbóná, apá kan rẹ̀ máa ń di gáàsì phosgene, irú èyí tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ fojú inú wo ìyàwó ilé tó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tó ń fín in sórí ààrò tó pọ́n, tó ń mí sínú rẹ̀, tó sì rò pé òun ti gba ara òun là. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tà á fún ilé gbígbé lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti ń kìlọ̀. Òfin OSHA kò gbà á láyè ní ibi iṣẹ́ mọ́ rárá.

Ní 1924, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ń wá ohun tó lè pa iná inú ẹ̀rọ tẹlifóònù láì ba wáyà jẹ́. Walter Kidde Company fún wọn ní gáàsì ẹlẹ́rìndòdò yẹn fúnra rẹ̀, wọ́n fún un mọ́ inú irin nípọn, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ṣe bí àrọ ìbomi. Alábàárù ọjọ́ àná wá di ẹrù àti alábàárù pọ̀: òun ló ń pa iná, òun ló sì ń ti ara rẹ̀ jáde, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ lórí wáyà. Irú rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì yín lónìí.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, Baltimore tàbí Houston, tẹ́ ẹ ra ilé àtijọ́ tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́ ayé àná. Àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀rọ bàbà wọ̀nyí ṣe àtùpà, wọ́n ń to ìgò aláràbarà sójú fèrèsé. Ìgò tí wọ́n ṣe ṣáájú 1900 sábà máa ń jẹ́ omi iyọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, pàápàá èyí tí wọ́n so mọ́ àjà pẹ̀lú irin tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ooru bá mú un, carbon tetrachloride ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ má sì fi imú wá a. Ẹ má dorí ẹ̀rọ bàbà kodò láti wo ìdí rẹ̀; ásíìdì lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pe ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba ìdọ̀tí olóró, ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ rí, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe máa gbà á. Kí wọ́n tó dé, ẹ gbé ìgò náà kúrò níbi tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ti lè bà á. Bó bá sì ṣèèṣì fọ́, ẹ má nù ún: ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, kí ẹ tó gbé fóònù.